Oòrùn Méjì Lójú Fèrèsé Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ìfẹ́ ló mú ọkọ mi ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ìyá Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa ti sọ ọ́, àbúrò mi ti sọ ọ́ lórí fóònù, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Mi ò bá ìfẹ́ jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú ń tì mí. Bí oníbàárà bá kó aṣọ wá báyìí, ilẹ̀ ni mò ń wò kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, èmi tí ẹnu mi kì í sinmi tẹ́lẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni mí. Aṣọ oníaṣọ ni mò ń fọ̀, òun náà ni mò ń lọ̀, okùn ìsáṣọ sì ta kọjá ta kọjá ní ẹ̀yìnkùlé wa débi pé èèyàn gíga gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè kọjá. Ọkọ mi ní tirẹ̀, iṣẹ́ fídíò ló ń ṣe. Ó ń ya ìgbéyàwó, ó ń ya ọjọ́ ìbí, ó ń ya ìsìnkú, ṣùgbọ́n yíyà kọ́ ló fi lókìkí, títún un ṣe ni. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, á wá ojú ọ̀run tó mọ́ kedere láti ibòmíràn, á fi bo ti òjò mọ́lẹ̀. Bí rorẹ́ bá wà lójú ìyàwó, á nù ún kúrò. Bàbá ìyàwó kan wà tó sùn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ dé òpin. Ọkọ mi wá ibi kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ti lajú, ó gé e, ó ń fi í síhìn-ín, ó ń fi í sọ́hùn-ún. Nígbà tí ìdílé náà wò ó tán, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé Bàbá gbádùn ọjọ́ náà tó báyẹn. Torí ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Àtúnṣe. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá mú inú mi dùn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí. Kílódé ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, "kí ló dé?" ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kí ló dé tí ọṣẹ fi ń hó? Kí ló dé tí aṣọ fi ń gbẹ láìsí iná? Kí ló dé tí Ìyá Aránṣọ fi ń fi itọ́ rin òwú kó tó kì í bọ ojú abẹ́rẹ́? Nígbà mìíràn, màá ní, "Kílódé, fi mí sílẹ̀ kí n mí!" Á ní, "Kí ló dé tí èèyàn fi ń mí, mà?" Mo ti ju ọṣẹ lù ú rí, ẹ̀rín ni mo sì ń rín bí mo ṣe ń jù ú.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí ọmọ yìí fẹ́ láyé ẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó wà lórí òkè, níbi tí wọ́n ní awò tó ń sọ eèrà di màlúù. Wọn kì í gba ọmọ púpọ̀. Nínú iléèwé wọn, ọmọ kan péré ni wọ́n ń mú lọ́dún, ẹni tó bá mókè níbi ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì. Tẹ́lẹ̀, páálí làwọn ọmọ máa ń gbé wá, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn, wọ́n á kùn ún ní pupa àti búlúù. Lọ́dún yìí, tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn ní ayé ti lajú ju páálí lọ. Ó ní kí olúkúlùkù ya iṣẹ́ rẹ̀ ní fídíò, kó kó àwòrán àti ọ̀rọ̀ àti orin pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n gbé e sójú aṣọ funfun ńlá nínú gbọ̀ngàn, kí ọmọ náà sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó máa ṣàlàyé. Nígbà tí Kílódé mú ìròyìn yẹn délé, ọkọ mi fò sókè. Ó ní, "Fídíò kẹ̀! Wọ́n ti gbé ìjà wá sílé wa nìyẹn!"

Omi ọṣẹ mi ni Kílódé fẹ́ wádìí, ẹnu mi ló sì kó o bá mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń da omi tí mo bá fi fọ aṣọ sí, koríko ibẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Kò sí oníbàárà tí mi ò tíì sọ fún pé omi ọṣẹ mi ni ajílẹ̀ tó dára jù lọ, pé kí wọ́n yéé da tiwọn nù sínú gọ́tà. Ọmọ mi bá ní òun fẹ́ gbin ẹ̀wà, òun á fi omi ọṣẹ bomi rin ín, òun á fi hàn pé òótọ́ ni ìyá òun ń sọ. Ha, orí mi wú! Mo sọ fún Ìyá Aránṣọ, mo sọ fún oníbúrẹ́dì, mo sọ fún ọkùnrin tó ń gbé lẹ́tà kiri. Mo ní, "Ọmọ mi fẹ́ lọ fi ọgbọ́n ìyá ẹ̀ han àwọn tíṣà." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ẹ ṣáà mọ ohun tó ń fà bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì, ó jẹ́ kí wọ́n hù débi kan náà, ó wá gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì tó fara ti fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń gba àárín irin fèrèsé wọlé. Omi tó mọ́ ló ń bu sí ti ọwọ́ òsì, omi ọṣẹ mi sí ti ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá rẹ̀ gbé fóònù rẹ̀ àtijọ́ kalẹ̀ níwájú wọn, ó ṣètò rẹ̀ kó máa dá ya fọ́tò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fídíò, kí odidi ọ̀sẹ̀ lè kọjá bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú. Mi ò lè purọ́, ìyẹn dára gan-an ni. Kílódé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí aṣọ fèrèsé yẹn tàbí kó pa á dé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, a sì ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé ara wa nítorí agolo méjì.

Ẹ̀wà ọwọ́ òsì nà, ó gun igi tó rì mọ́ ọn. Èyí tó ń mu omi ọṣẹ mi, ewé rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, ọrùn rẹ̀ wá tẹ̀, ó wá dùbúlẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ sì gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu: eré ni Kílódé sá wá bá mi nídìí aṣọ, tó ń pariwo ayọ̀.

"Màmá mi, ó ti kú! Ti ọwọ́ ọ̀tún ti kú!"

"Òun lò ń fi ayọ̀ sọ?"

"Mi ò rò pé ó máa kú, mà! Mo rò pé á yè ni! Koríko ẹ̀yìnkùlé yẹn, òjò ló ń tọ́ ọ, kì í ṣe omi ọṣẹ. Mo ti wá mọ̀ ọ́n!"

Mo gbé aṣọ tí mò ń fún sílẹ̀. "Ṣé wàá wá lọ dúró níwájú gbogbo ayé, kí o ní ìyá ẹ ò mọ nǹkan kan?"

"Mi ò níí dárúkọ yín, mà. Omi ọṣẹ ni mo máa dárúkọ."

"Ta ló ni omi ọṣẹ?"

Ọkọ mi wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ojú tí Ìyá Aránṣọ máa fi wò mí ni mò ń rò. Mo ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, Bàbá Kílódé. Ẹ ò mọ iye èèyàn tí mo ti pè pé kí wọ́n wá wò ó. Ẹ̀sín ni wọ́n máa wá wò." Mo fajú ro títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn dáadáa. Ohun tí mo sọ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yí nǹkan kan padà.

Kílódé fúnra rẹ̀ ló to ojú-ewé iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè rẹ̀, ohun tó rò pé á ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe, ohun tó rí. Ó há ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí, ó ń sọ ọ́ fún ògiri, ó ń sọ ọ́ fún bàtà tí a tò sẹ́nu ọ̀nà. Fídíò nìkan ló kù tí wọ́n máa gé, kí wọ́n fi orin sí i. Bàbá rẹ̀ ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, iṣẹ́ mi ni. Máa lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ ṣeré. Tó o bá rí i lọ́la nínú gbọ̀ngàn, ẹnu á yà ẹ́."

Nígbà tí ọmọ jáde, ó pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ó ti pín ojú fídíò sí méjì, agolo òsì lápá òsì, agolo ọ̀tún lápá ọ̀tún, orin kan ń lọ jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀wà òsì ń nà. Ẹ̀wà ọ̀tún ńkọ́? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ẹ̀wà ọ̀tún ń dìde! Ó gbé orí kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀, ó na ọrùn, ewé rẹ̀ tó ti pọ́n tún padà di tútù, ó dúró ṣánṣán bí ọmọ tó jí lójú oorun.

"Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Mo kàn yí i sẹ́yìn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kú sí, ó parí síbi tó ti wà láàyè. Mo sì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè ga tó èkejì." Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. "Mo tún ojú-ewé tó kẹ́yìn kọ pẹ̀lú: Àwọn méjèèjì yè. Ta ló fẹ́ wo ẹ̀wà tó kú? Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí oníbàárà tó ní kí n fi ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ sílẹ̀ fún òun. O sì ní ẹ̀sín ni wọ́n máa wá wò. Kò sí ẹ̀sín mọ́."

"Ṣé wọn ò níí mọ̀?"

"Ta ló ti mọ̀ rí?"

Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò fi pamọ́ fún yín: mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Àtúnṣe! Kò sí irú yín!" Ẹ̀wà mi ti dìde, ojú ò níí tì mí níwájú Ìyá Aránṣọ, ìyẹn ni mo rò. Kò sí nínú àwa méjèèjì ẹni tó rántí bèèrè ohun tí ọmọ tó ni iṣẹ́ máa rò. Ẹ̀wà nìkan la sì ń wò nínú fídíò yẹn, a ò wo ohun mìíràn tó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn iléèwé kún fọ́fọ́. Mo ti fa Ìyá Aránṣọ dání, òun tó ń pariwo pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Mo ní kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó wá wo ọmọ. Iwájú pátápátá la jókòó sí. Ọkọ mi wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó gbé kámẹ́rà sójú. Àwọn tó ń dájọ́ wà nídìí tábìlì gígùn kan, ọ̀gá wọn sì jẹ́ ìyá àgbà kan láti ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Òun ló máa pinnu ọmọ tí wọ́n máa mú.

Àwọn ọmọ kan ti kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Ọ̀kan ya búrẹ́dì tó ń bu, tó ń hu nǹkan funfun. Fídíò rẹ̀ ń gbọ̀n, ìka rẹ̀ sì bo ojú àwòrán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ mi fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Kámẹ́rà ò dúró sójú kan." A rẹ́rìn-ín sínú. Olúwa ló mọ ohun tí mò ń rín.

Wọ́n pe Kílódé sórí pèpéle. Aṣọ iléèwé tó wọ̀, mo ti lọ̀ ọ́ títí ó fi lè dá dúró láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Ó kí gbogbo ilé, ó sọ ìbéèrè rẹ̀, ó ní òun rò pé omi ọṣẹ á tọ́ ẹ̀wà dàgbà. Ohùn rẹ̀ já gaara. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀," ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè máa fọwọ́ tọ́ka sí i.

Fídíò bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ní "Háà!" Ẹ̀wà méjèèjì ń dìde pọ̀ lójú aṣọ funfun, wọ́n ga ju ọmọ fúnra rẹ̀ lọ. Kílódé yíjú sí i. Ó ti na ọwọ́ jáde láti tọ́ka síbi tí ẹ̀wà ti kú. Ọwọ́ náà kò lọ, kò bọ̀. Ó wo fídíò, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá wò mí. Ojú yẹn ni mò ń rí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ó ń bi mí pé kí ni kí òun ṣe ni. Gbogbo nǹkan ló máa ń bi mí, ó sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo mi orí sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, máa bá a lọ.

Kílódé ka ohun tí bàbá rẹ̀ kọ sójú-ewé tó kẹ́yìn. "Àwọn... àwọn méjèèjì yè."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo yíjú sí Ìyá Aránṣọ, mo ní, "Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?"

Ìyá àgbà tó ń dájọ́ ò pàtẹ́wọ́. Ó gbé awò sójú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fídíò yẹn fi hàn mí." Wọ́n tún un fi hàn. Ó fara sún mọ́ iwájú. "Ọmọ mi, agolo méjèèjì yìí, ṣé ìdí fèrèsé kan náà ni wọ́n wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lọ́jọ́ kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Wo òjìji irin fèrèsé lórí tábìlì yẹn. Lápá òsì, ibo ni òjìji ń lọ?"

Kílódé wò ó. "Ó ń lọ sápá ọ̀tún, mà."

"Lápá ọ̀tún ńkọ́?"

Èmi náà wò ó. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, bẹ́ẹ̀ ojú fídíò ló wà látìbẹ̀rẹ̀. Òjìji irin fèrèsé ń sáré kọjá lẹ́bàá agolo òsì, ó ń lọ. Lẹ́bàá agolo ọ̀tún, ó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ń pàdé láàárín. Ọkọ mi náà rí i. Mo gbọ́ tó ní, "Yéè," lábẹ́ ètè.

"Ó ń... ó ń bọ̀ sápá òsì, mà."

"Oòrùn mélòó ló wá ń ràn nílé yín?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan kígbe látẹ̀yìn pé, "Oòrùn méjì!" làwọn yòókù bá gbà á, "Oòrùn méjì! Oòrùn méjì!" Kílódé dúró síbẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ìyá àgbà náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gbé ọwọ́ sókè títí gbogbo ilé fi pa rọ́rọ́.

"Ta ló ṣe fídíò yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni, mà." Kò wo ọ̀dọ̀ wa nígbà tó sọ ọ́. Ojú obìnrin náà ló ń wò.

Ìyá àgbà náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó wo ibi tí àwa òbí jókòó sí. "Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó fẹ́ sọ nǹkan kan sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Ilẹ̀ ì bá lanu kí n kó sí i. Mo wo ọkọ mi. Ó ti gbé kámẹ́rà lé itan, ó ń fi etí ẹ̀wù nu ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ẹni pé ìdọ̀tí ayé ló wà níbẹ̀. Èmi tí oníbàárà ò gbọdọ̀ sọ pé bọ́tìnnì kan sọ nù kí n má gbé ohùn sókè dé títì, orí ni mo tẹ̀ ba. Ìyá Aránṣọ fọwọ́ kàn mí, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá Kílódé, ẹ dìde." Mo ń wo èékánná mi. Mo ń rò pé bí mo bá dìde, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé èmi ni oòrùn kejì. Mi ò dìde.

"Ó dáa," ni ìyá àgbà náà wí. "Lọ jókòó, ọmọ mi."

Búrẹ́dì tó bu ló mókè. Ọmọ tó ni ín fò títí bàtà kan fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nílé, mò ń retí ẹkún, ṣùgbọ́n Kílódé ò sunkún. Ó bọ́ aṣọ iléèwé, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sá a. Ó wá lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ẹ kú iṣẹ́! Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó fi kí i ni. Bó bá bú wa, ì bá sàn. Látọjọ́ náà, ìbéèrè kan ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ da ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi gbígbóná lójú rẹ̀ kó lè bi mí ìdí tó fi ń hó báyẹn, ó kàn bá mi gbé báàfù náà ni.

Ọkọ mi ní, "Màá tún un ṣe."

Ohun tí mò ń dúró dè nìyẹn. Mo ní, "Kí lẹ máa tún ṣe? Ẹ fẹ́ yí gbogbo gbọ̀ngàn sẹ́yìn ni, kí àwọn èèyàn máa fi ẹ̀yìn rìn jáde, kí ẹ̀rín padà wọ ẹnu wọn? Ẹ tún un ṣe kí n rí i! Ẹ ti sọ ọmọ mi di òpùrọ́ níwájú gbogbo ìlú, ẹ wá ní ẹ máa tún un ṣe!"

Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ìwọ náà pàtẹ́wọ́."

Mo mú áyọ́ọ̀nù, mo gbé e sílẹ̀, mi ò rántí aṣọ tí mo fẹ́ lọ̀. Ó ní, "Ìwọ ni ọmọ wò látorí pèpéle, ìwọ lo sì mi orí sí i. Mi ò ní èmi ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n má ṣe dá èmi nìkan lẹ́bi."

Ó ní òun máa lọ bá ìyá àgbà náà lórí òkè. Ó wọ bàtà, ó bọ́ ọ, ó tún wọ̀ ọ́, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, kò lè lọ. Ìtìjú ti dè é mọ́lẹ̀. Èmi ni mo lọ. Mo ní kó fi fídíò gidi sínú fóònù mi, èyí tí ẹ̀wà ti kú, mo mú un dání.

Ọ́fíìsì obìnrin náà kún fún ìgò, nǹkan oríṣiríṣi wà nínú wọn. Ó fún mi ní àga. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìdánu dúró, látorí omi ọṣẹ dé orí èékánná mi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wo bí ewé ṣe pọ́n, ó wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe tẹ̀, ó tún un wò.

"Èyí ni ǹ bá fẹ́ rí," ló wí. "Èyí dára ju gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn mí lọ́jọ́ yẹn lọ. Ọmọ tó rò pé nǹkan á yè, tí nǹkan kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì yọ̀ pé òun ti mọ̀? Irú wọn ni mò ń wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa fún un láyè."

"Àyè ti kún, Màmá. Ọmọ búrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀." Ó dá fóònù padà fún mi. "Mo ti mọ̀ látìgbà tó wà lórí pèpéle pé kì í ṣe ọmọ yẹn ló ṣe é. Mo rí i nígbà tó wò yín. Ìdí tí mo fi bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí, mo sì dúró dè yín. Ká ní ọ̀kan nínú yín dìde ni, ǹ bá ní kí ọmọ náà sọ ohun tó rí gan-an fún wa, ǹ bá sì mú un lọ́jọ́ náà."

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde lórí àga. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣàánú mi débi pé ó ní, "Kó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún un pé mi ò gbàgbé rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbá mú. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, mò ń sọ ọ́ fún ara mi: ó ní òun ò gbàgbé ẹ̀, ó ní kó tún wá. Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe ohun kan tó dára fún ọmọ mi, ó pẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti ṣe é. Mo bá Kílódé nídìí okùn, ó ń bá mi ká aṣọ.

"Kílódé, mo ti lọ bá ìyá àgbà yẹn. Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ní kì í ṣe ìwọ, pé bàbá ẹ ló ṣe é, pé èmi náà mọ̀."

Ó dúró pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan lọ́wọ́. "Ẹ sọ fún un?"

"Mo fi fídíò gidi hàn án. Ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an! Ó ní kí o tún wá lọ́dún tó ń bọ̀, òun ò gbàgbé ẹ."

"Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mà," ni Kílódé wí. "Ó ní ta ló ṣe é, mo ní èmi ni. Ó ní ṣé èmi nìkan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo ojú ẹ̀ sọ ọ́. Ó ti wá mọ̀ báyìí pé mo wo ojú òun purọ́."

"Rárá o! Ó mọ̀ pé torí tiwa lo ṣe..."

"Mo fẹ́ kí wọ́n má wò yín ni. Mo rò pé bí mo bá ní èmi ni, kò sẹ́ni tó máa wò yín. Ohun tí mo ṣe fún yín nìyẹn. Ẹ wà níbẹ̀, mà, ẹ̀yin àti bàbá mi. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, ìgbà tí mo dúró síbẹ̀ ló yẹ kí ẹ sọ ọ́. Ẹ wá lọ sọ ọ́ nígbà tí mi ò sí níbẹ̀."

Mo na ọwọ́ láti gba ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún mi.

Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà dáadáa, ó tẹ́ ọrùn rẹ̀, ó gbé e lé orí èyí tó ti ká, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn yàrá. Ìgbà yẹn ni ẹkún náà wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó wá dúró tì mí. Àwa méjèèjì ń gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn nínú wa, torí a ò mọ ohun tí a máa sọ bó bá ṣí i.